BÍ A TI Í BẸ̀RẸ̀ SÍ WO ẸYẸ

Ní ọdọọdún ni a máa ń kọ nínú ìwé yìí nípa ìgbà tí ó yẹ kí a gbin àgbàdo, àti bí a ti í dá ẹ̀fọn lẹ́kun nínú àgbàlá. Ní ọdún yìí a fẹ́ fi iṣẹ́ kan kún un tí kò gba owó, tí kò gba agbára, tí ó sì jẹ́ ìgbádùn fún ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ náà ni wíwo ẹyẹ. Kì í ṣe dídẹ ẹyẹ, kì í ṣe fífi ẹyẹ sínú àgò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe sísọ òkúta lù ú. A óò wò ó, a óò mọ̀ ọ́n, a óò kọ ohun tí a rí sílẹ̀, a óò sì jẹ́ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ta ni kò mọ ẹyẹ ní ilẹ̀ yìí?” Òtítọ́ ni pé orúkọ ẹyẹ kò wọ́n lẹ́nu wa. A kì í dárúkọ agbe kí a má rántí aró, a kì í sì í dárúkọ àlùkò kí a má rántí osùn. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ nínú òwe yàtọ̀ sí fífi ojú mọ ẹni tí ó ni orúkọ. Ní ọjọ́ kan mo bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi pé, ta ni ó ti gbọ́ ohùn elúlùú rí? Gbogbo wọn ni ó na ọwọ́ sókè. Mo tún bi wọ́n pé, irú àwọ̀ wo ni elúlùú ní? Ọ̀kan ní dúdú ni, ọ̀kan ní funfun ni, ẹnì kan tilẹ̀ ní kì í ṣe ẹyẹ rárá, pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. N kò lè bá wọn wí, nítorí èmi fúnra mi ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rí ẹyẹ kan tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí orí rẹ̀ dúdú, tí àyà rẹ̀ funfun bí ògì, tí ń fò láti inú igbó kékeré kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Mo sì ti ń gbọ́ igbe kan nígbà tí òjò bá ṣú, bí omi tí ń dà jáde láti ẹnu ìgò. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, àfi ní ọjọ́ tí mo jókòó títí tí ó fi ké ní ìṣojú mi.

Ibi tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Má ṣe lọ sí igbó ńlá ní ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí ohùn ni ìwọ yóò máa gbọ́ níbẹ̀, ewé ni ìwọ yóò sì máa rí. Yan ibi tí igi wà, tàbí etí omi, tàbí etí ààtàn. Kí o sì jókòó síbẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tí ebi ń pa ẹyẹ tí oòrùn kò sì tí ì mú. Jẹ́ kí oòrùn wà ní ẹ̀yìn rẹ, nítorí ẹyẹ tí ó bá wà láàrin ìwọ àti oòrùn, dúdú ni yóò rí lójú rẹ, ìbáà ṣe pé ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Má wọ aṣọ funfun, má sì máa na ìka sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í dùn, nítorí bíbọ̀ rẹ ni ó lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró, wọn yóò padà wá, wọn yóò sì máa ṣe iṣẹ́ wọn bí ẹni pé kùkùté igi ni ọ́.

Ohun èlò kò pọ̀: ìwé kékeré tí ó lè wọ àpò, àti pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù ni mo wí, kì í ṣe yíǹkì, nítorí ìrì àti òjò a máa pa yíǹkì rẹ́. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà. Bí a bá kọ 8x42 sí ara rẹ̀, 8 ni iye ìlọ́po tí yóò mú ohun tí a ń wò tóbi sí i, 42 sì ni ìbú ojú rẹ̀ níwájú ní ìwọ̀n mìlímítà. Èyí tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó ju 10 lọ a máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi awò yìí wo oòrùn, nítorí ó lè ba ojú jẹ́ láéláé.

Bí ẹyẹ bá bà, má ṣe kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀. Kọ́kọ́ fi í wé àwọn tí o mọ̀: ṣé ó tó ológoṣẹ́, tàbí àdàbà, tàbí àwòdì? Lẹ́yìn náà wo ẹnu rẹ̀, nítorí ẹnu ẹyẹ ni ó ń sọ oúnjẹ rẹ̀. Ti ológoṣẹ́ kúrú, ó sì ki, èyí tí a fi ń fọ́ èso koríko; ti àwòdì tẹ̀ bí ìwọ̀, èyí tí a fi ń fa ẹran ya; ti lékeléke gùn ṣonṣo. Wo ìrù rẹ̀, wo bí ó ti ń rìn, bóyá ó ń fò pọ́n-ún pọ́n-ún ni tàbí ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí o wà, bí ojú ọ̀run ti rí, àti iye ẹyẹ tí o rí. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ní abúlé Selborne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gilbert White, tí ó tẹ ìwé jáde ní 1789 nípa ohun tí ó rí ní àyíká ilé ara rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kà wọ́n sí ọ̀kan náà. White fi etí sí orin wọn dáadáa, ó sì rí i pé irú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹyẹ tí mo ń gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú láti kọ́kọ́ wò ni ẹ̀gà. Kò fara pamọ́, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí a wá a kiri, ó sì fẹ́ràn láti gbé láàrin ènìyàn. Ara akọ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ sì dúdú. Abo kò tàn tó bẹ́ẹ̀. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò bà sí imọ̀ ọ̀pẹ, yóò fi ẹnu já etí ewé, yóò sì fò lọ pẹ̀lú rẹ̀ kí ewé náà lè ya gẹ́gẹ́ bí okùn tín-ín-rín. Òrùka ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Láàrin òrùka yìí ni ó ń dúró tí ó fi ń hun ìyókù, títí ilé náà yóò fi dàbí agbọ̀n kékeré tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Nígbà náà ni yóò rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò dorí kodò, yóò máa gbọn apá, yóò sì máa pe abo kí ó wá wo ilé. Abo yóò wọlé, yóò sì fi ẹnu fa ibí fa ọ̀hún, bí ìyá ọlọ́jà tí ń yẹ aṣọ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò jáde lọ. Ilé tí gbogbo wọn bá kọ̀ títí tí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi a máa bá a kẹ́dùn gidigidi.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́ nípa ẹ̀gà. Ní ọdún kan wọ́n bọ́ sí oko àgbàdo ilé-ẹ̀kọ́ wa, inú bí mi, mo sì pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin àgbà kí wọ́n fi ọ̀pá gígùn já gbogbo ilé tí ó wà lórí ọ̀pẹ wa lulẹ̀. Ọmọ tí kò tí ì hu ìyẹ́ kún ilẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré ń sunkún, èmi sì ń sọ fún wọn pé bí a ti ń tọ́jú oko ni èyí. Ní ọdún kejì, nígbà tí ẹ̀gà padà wá, mo jókòó sí abẹ́ ọ̀pẹ náà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, mo sì ń wo ohun tí àwọn abo ń gbé wá fún ọmọ wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo rí ẹnu wọn dáadáa, kòkòrò ni ó wà níbẹ̀: ìdin tí ń jẹ ewé, àti tata. Àgbàdo kọ́. Inú oko kan náà tí mo tìtorí rẹ̀ pa wọ́n ni wọ́n ti ń kó kòkòrò wọ̀nyí.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Èmi kò wí pé ẹ̀gà kì í jalè. Olè ni, ẹni tí ó ń gbin ìrẹsì kò sì nílò kí n sọ fún òun. Ṣùgbọ́n láti inú ìwé wa ni a ti rí i pé ìgbà tí ọmú àgbàdo bá rọ̀ tí ó sì ní omi bíi wàrà ni ìpalára wọn pọ̀ jù. Nítorí náà a ń yan àwọn ọmọ sí ìṣọ́ oko ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, a sì ń fi ilé wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá wò pẹ́ lè rí ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí bàbà tí ó dípẹtà, tí ń rìn yí ilé ẹ̀gà ká bí ẹni tí ó sọ nǹkan nù. Ẹyẹ yìí kì í kọ́ ilé. Inú ilé ẹ̀gà ni ó ń yé sí. Nítorí èyí ni ẹyin àwọn abo ẹ̀gà kò fi jọra: ti ẹni kan funfun, ti ẹlòmíràn dàbí aró tí a fi omi là, òmíràn ní tótòtó, òmíràn kò ní. Olúkúlùkù mọ tirẹ̀, ó sì ń ju èyí tí kò jọ tirẹ̀ síta.

Òwìwí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkàwé yóò fẹ́ kí n fò ó kọjá. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ohun tí à ń sọ ní òru. Ohun tí a lè rí ní ọ̀sán ni mo fẹ́ kí a wò. Òwìwí tí ojú rẹ̀ funfun a máa gbé eku mì pẹ̀lú irun àti egungun, lẹ́yìn náà a sì pọ irun àti egungun náà jáde ní ìdì ní abẹ́ ibi tí ó ń sùn. Mú igi, má fi ọwọ́ kàn án, kí o sì tú ìdì bẹ́ẹ̀ kan: orí eku ni ìwọ yóò bá nínú rẹ̀. Eku tí ń wọ inú àká àgbàdo wa, tí irú rẹ̀ kan sì ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀nọ́, eku wọ̀nyí ni oúnjẹ òwìwí.

Olùwòran tí ó bá kọ ìwé rẹ̀ yí ọdún ká yóò rí i pé àwọn ẹyẹ kan ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Ní ẹkùn wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke ń pọ̀, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí i pé kí ó fún àwọn ní funfun. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ sí ìhà àríwá láti pamọ. Alápàándẹ̀dẹ̀ kan wà tí ń gbé ọ̀dọ̀ wa yí ọdún ká, òmíràn sì wà tí ń ti Yúróòpù wá ní nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà. Ní ìgbà àtijọ́ àwọn ará Yúróòpù kò mọ ibi tí tiwọn ń lọ. Àwọn amòye wọn tilẹ̀ ń wí pé inú ihò ni ó ń sùn títí òtútù yóò fi kọjá. Ní 1822 a yìnbọn pa àkọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, a sì bá ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbé ọ̀kọ̀ náà fò kọjá òkun dé ilé. Ó ṣì wà ní yunifásítì ìlú Rostock títí di òní.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wá ọ̀nà tí ó dára ju ti ọ̀kọ̀ lọ, inú mi sì máa ń dùn láti sọ ọ́. Hans Christian Cornelius Mortensen, ti ìlú Viborg ní ilẹ̀ Denmark, fi òrùka síńkì sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní 1890, ṣùgbọ́n ó wúwo jù. Ní 1899 ó fi alumíníọ̀mù ṣe é, ó tẹ nọ́ńbà àti orúkọ ìlú rẹ̀ sí i, ó sì fi sí ẹsẹ̀ ẹyẹ 165. Nípa irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé alápàándẹ̀dẹ̀ tí a fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Èbìbí 1911 ni a mú ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Ọ̀pẹ 1912. Ní Ebbaken ní ìpínlẹ̀ Cross River, irú alápàándẹ̀dẹ̀ yìí tí ó ju 1,000,000 lọ ni ó ń sùn sínú koríko gíga lórí òkè kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Irú ẹyẹ tí ó wà ní Nàìjíríà ju 900 lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tí ó ní pupa ní orí àti àyà, tí a kò rí níbi kankan ní ayé àfi ní ilẹ̀ wa yìí, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. J. H. Elgood, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ni ó kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Ó wà nínú igbó ọgbà IITA ní Ìbàdàn. Igbó tí ó ń gbé ń dínkù, òun náà sì ń dínkù. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Jọ́ọ̀sì, ní ilé ìwádìí tí a ń pè ní A. P. Leventis, ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ yìí. Iṣẹ́ kan sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nínú èyí tí a pín ilẹ̀ sí igun-igun tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú igun tirẹ̀, yóò sì kọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè dá ẹyẹ mọ̀ lè ṣe é.

Nípa ti ìlera: ẹyẹ tí ẹ bá bá ní òkú, pàápàá bí wọ́n bá pọ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì ṣe gbé wọn fún ajá. Àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ wọ Nàìjíríà ní 2006, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìẹ. Ẹ sọ fún dókítà ẹran tí ó bá sún mọ́ yín.

Ó ku gúnnugún. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, wọn a máa tò sórí òrùlé odò ẹran ìlú wa bí àwọn àgbà ìgbìmọ̀, orí wọn pá, ojú wọn ń wo ọ̀bẹ alápatà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwòdì nígbà tí wọ́n bá wà lókè, kí ó wo ìrù: ti àwòdì gùn, ó sì là díẹ̀ ní ìparí, ti gúnnugún kúrú, apá rẹ̀ sì fẹ̀, ìyẹ́ etí apá náà sì là bí ìka ọwọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí odò ẹran láti fi ìyàtọ̀ yìí hàn wọ́n. Àwòdì wà, gúnnugún kò sí. Mo bi alápatà àgbà kan pé láti ìgbà wo? Ó ní ó ti pẹ́. Mo bi ẹnì kejì, ó ní, “Ó ti o, wọ́n wà níbẹ̀ yẹn ní ìjelòó.” Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè wo òrùlé, wọ́n sì dákẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú ìlú, àti èmi náà, tí ó lè sọ ọdún tí wọ́n lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó kà wọ́n rí. Ta ni í ka gúnnugún?

Láti 2015 ni a ti kọ irú gúnnugún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run ní ayé. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í sì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní òde òní a ń ta orí àti ìyẹ́ rẹ̀ fún oògùn ní ọjà, májèlé sì ni a fi ń pa ọ̀pọ̀. Ní Guinea-Bissau ní 2020, ohun tí a fi májèlé pa ju 2,000 lọ. Ohun tí àìsí rẹ̀ lè mú wá ti hàn ní ilẹ̀ Índíà. Láti àwọn ọdún 1990 ni igún tiwọn ti ń kú, títí tí èyí tí ó kù nínú irú mẹ́ta kò fi tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2004 ni a tó mọ̀ pé diclofenac, oògùn ìrora tí a ń fún màlúù, ni ó ń pa igún tí ó bá jẹ òkú ẹran náà. Ní 2006 ìjọba wọn sì fi òfin dè é fún ẹran ọ̀sìn. Kí ó tó di ìgbà náà, òkú ẹran ti ń jẹrà ní ìgbẹ́, ajá ìgboro ti ń rí ẹran jẹ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ajá sì ni ó ń fi dìgbòlugi ran ènìyàn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa a ti fa ìlà kan fún gúnnugún nínú ìwé ẹyẹ wa, a sì ń lọ sí odò ẹran ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan nígbà tí wọn kò rí ẹyẹ, ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn, nítorí ẹni tí yóò ka ìwé náà lẹ́yìn wa kò níí mọ̀ bóyá gúnnugún ni kò wá tàbí àwa ni kò lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín ní ọdún yìí, ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ tí ẹ kò rí ẹyẹ tí ẹ wá, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì kọ “kò sí” sí iwájú orúkọ rẹ̀.